Kí Ọwọ́ Tó Kan Ctrl: Ẹ̀dà, Gígé àti Lílẹ̀ Lórí Ṣíìtì Excel

Bí àkókò ìdánwò bá ti kọjá ní Yunifásítì Ahmadu Bello, Zaria, iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ti parí, ti olùkọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Máàkì tó wà lára ìwé ìdánwò gbọ́dọ̀ dé orí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n rò ó pọ̀ mọ́ máàkì àárín sáà, kó tó di pé ó kọjá sí ọ́fíìsì ẹ̀ka-ẹ̀kọ́. Ní IAR, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó ti wà ní Samaru láti 1922, gbogbo ohun tí wọ́n bá kórè lórí oko ìdánwò ni wọ́n ń wọ̀n, tí wọ́n ń kọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń ṣírò, kí irúgbìn bí àgbàdo SAMMAZ tàbí ẹ̀wà SAMPEA tó lè dé ọwọ́ àgbẹ̀. Ní Sabon Gari, níbi tí àwọn Yorùbá ti ń gbé láti ayé ọkọ̀ ojú irin, alájọ, akápò ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti akọ̀wé ìjọ ní àkọsílẹ̀ tiwọn náà. Ibi kan ni gbogbo iṣẹ́ yìí ti ń pàdé: orí ṣíìtì Excel, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bíi Google Sheets àti LibreOffice Calc.

Bọ́tìnnì mẹ́ta ni iṣẹ́ náà dúró lé jù: Ctrl+C láti ṣe ẹ̀dà, Ctrl+X láti gé, Ctrl+V láti lẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń tẹ̀wé ní bíṣínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà Samaru lè tẹ̀ wọ́n láìwo ọwọ́. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní ó yá ju máòsì lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n yíyá nìkan kọ́. Nígbà tí ẹ bá ń kọ lẹ́tà, ohun tí ẹ bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ náà ni ẹ ó rí níbi tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ sí. Lórí ṣíìtì, ohun tí ẹ lẹ̀ lè yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí ẹ mú, kọ̀ǹpútà kò sì ní kígbe. Ẹni tó bá fẹ́ yára níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ gbé.

Ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, sísọ́ọ̀sì àti gọ́ọ̀mù ni olóòtú fi ń tún ìwé tò: á gé ìpínrọ̀ kan kúrò níhìn-ín, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀hún. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí Zaria, nítorí níbẹ̀ ni ìwé ìròyìn èdè Hausa nì, Gaskiya Ta Fi Kwabo, ti bẹ̀rẹ̀ ní 1939. Ní àárín àwọn ọdún 1970, Larry Tesler àti Tim Mott, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ní ìpínlẹ̀ California, gbé iṣẹ́ sísọ́ọ̀sì àti gọ́ọ̀mù wọ inú kọ̀ǹpútà, nínú ètò ìkọ̀wé kan tí wọ́n pè ní Gypsy. Tesler lọ sí Apple ní 1980. Lórí kọ̀ǹpútà Lisa tí Apple gbé jáde ní 1983 àti Macintosh ti 1984, lẹ́tà X, C àti V ni wọ́n yàn fún iṣẹ́ náà, pẹ̀lú Z tó ń dá àṣìṣe padà sẹ́yìn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò tẹ̀léra ní ìlà ìsàlẹ̀ kíbọọ̀dù lápá òsì, tí ọwọ́ òsì fi lè máa tẹ̀ wọ́n nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún bá wà lórí máòsì. Windows náà mú wọn lò lẹ́yìn náà, ó fi Ctrl rọ́pò bọ́tìnnì Command ti Apple. Tesler kú ní oṣù kejì ọdún 2020.

Ṣíìtì fúnra rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn wá. VisiCalc, tí Dan Bricklin àti Bob Frankston ṣe, jáde ní 1979. Lotus 1-2-3 tẹ̀lé e ní 1983. Excel dé orí Macintosh ní 1985, ó sì dé orí Windows ní 1987.

Ohun tó wà nínú àpótí kan

Ṣíìtì jẹ́ àkójọ àwọn òpó tó wà lóòró, tí à ń fi lẹ́tà pè, àti àwọn ìlà tó wà níbùú, tí à ń fi nọ́ńbà pè. Ibi tí òpó B ti pàdé ìlà 2 ni àpótí B2. Láti ìgbà Excel 2007, ṣíìtì kan ní ìlà 1,048,576 àti òpó 16,384.

Nǹkan mẹ́ta ni àpótí kan lè gbé lẹ́ẹ̀kan náà. Èkíní ni èsì tí ojú ń rí, bíi 64. Èkejì ni fọ́múlà tó bí èsì náà, bíi =B2+C2, èyí tó máa ń hàn lókè ṣíìtì nígbà tí ẹ bá dúró lórí àpótí náà. Ẹ̀kẹta ni ìmúra rẹ̀: àwọ̀, ìlà etí, bóyá nọ́ńbà náà hàn gẹ́gẹ́ bí owó, bí ọjọ́ tàbí bí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún. Ctrl+C máa ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, Ctrl+V sì máa ń da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ẹni tó rò pé 64 nìkan lòun mú ti gbé fọ́múlà dání láìmọ̀, fọ́múlà náà sì ní ìwà tirẹ̀, bí a ó ṣe rí i láìpẹ́.

Ṣáájú mímú ni yíyàn. Ibi yìí gan-an ni máòsì ti ń jẹ àkókò jù. Ẹni tó fẹ́ yan orúkọ irínwó akẹ́kọ̀ọ́ á fà á títí dé ìsàlẹ̀, á ré kọjá, á tún fà á padà sókè. Ctrl pẹ̀lú ọfà ìsàlẹ̀ á gbé yín lọ síbi tí àkọsílẹ̀ òpó náà parí sí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fi Shift kún un, gbogbo ohun tó wà láàárín á di yíyàn. Shift pẹ̀lú ọfà lásán máa ń fi àpótí kún un lọ́kọ̀ọ̀kan. Ctrl+Space máa ń yan odidi òpó, Shift+Space máa ń yan odidi ìlà, Ctrl+A sì máa ń yan gbogbo tábìlì tí ẹ wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Ctrl+Shift+ọfà máa ń dúró níbi tó bá ti pàdé àpótí òfo. Bí akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ìlà 57 kò bá ṣe ìdánwò, tí àpótí rẹ̀ sì ṣófo, yíyàn náà á dúró ní ìlà 56, gbogbo àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á sì kù sẹ́yìn. Kí ẹ tó tẹ Ctrl+C, ẹ wo ìsàlẹ̀ ṣíìtì lápá ọ̀tún, níbi tí Excel máa ń kọ iye àpótí tí ẹ yàn àti àròpọ̀ wọn sí. Bí kíláàsì bá jẹ́ ènìyàn 120, tí ibẹ̀ sì ń sọ 55, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ kù.

Ẹ̀dà tó ń yí àdírẹ́sì padà

Ẹ jẹ́ ká lọ sí oko ìdánwò àgbàdo. Ilẹ̀ ìdánwò kọ̀ọ̀kan ní ebè mẹ́rin, ebè kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà márùn-ún, àlàfo ebè sí ebè sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 75. Ìyẹn jẹ́ kí ojú ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sikúẹ̀ mítà 15. Lórí ṣíìtì, òpó A gba nọ́ńbà ilẹ̀, òpó B gba kílò àgbàdo tó jáde lórí rẹ̀. Ẹ kọ 15 sí F1 gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ilẹ̀, ẹ sì kọ 75 sí F2 gẹ́gẹ́ bí àlàfo ebè. Láti mọ iye tọ́ọ̀nù tí hẹ́kítà kan ìbá mú wá, ẹ kọ =B2*10/F1 sí C2. Bí B2 bá jẹ́ kílò 6, C2 á sọ 4. Tọ́ọ̀nù mẹ́rin ni, ó sì tọ̀nà.

Ẹ wá ṣe ẹ̀dà C2, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ sí C3, níbi tí B3 ti jẹ́ kílò 7.5. Tọ́ọ̀nù márùn-ún ló yẹ kó jáde. Tọ́ọ̀nù kan ni Excel á kọ.

Ohun tó fà á ni pé fọ́múlà kì í mọ àpótí lórúkọ. Ibi tí òun fúnra rẹ̀ dúró ló fi ń júwe wọn. Ohun tí fọ́múlà inú C2 ń sọ ni pé: mú ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lápá òsì, sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, kí o wá fi ohun tó wà ní òpó kẹta lápá ọ̀tún mi, ní ìlà kan sókè, pín in. Bí ẹnì kan bá dúró ní àdúgbò PZ ní Zaria, tó ní kí ẹ gba ojúlé kẹta lápá ọ̀tún, ilé kan ni ẹ ó bá. Bí ẹ bá gbé ìjúwe kan náà lọ sí Kwangila, ilé onílé ni ẹ ó kàn. Nígbà tí fọ́múlà náà dé C3, ó di =B3*10/F2. Yíyí tí B2 yí padà di B3 ni a fẹ́. Yíyí tí F1 yí padà di F2 ló ba iṣẹ́ jẹ́, torí ó fi àlàfo ebè pín àgbàdo dípò ìwọ̀n ilẹ̀.

Ká ní F2 ṣófo ni, Excel ìbá kọ #DIV/0!, ẹ ìbá sì rí i lójú ẹsẹ̀. Àṣìṣe tó ń pariwo kò ní wàhálà. Èyí tó léwu ni tọ́ọ̀nù kan tó jókòó jẹ́ẹ́ láàárín àwọn nọ́ńbà yòókù, nítorí irúgbìn àgbàdo kan lè mú tọ́ọ̀nù kan wá lóòótọ́ ní ọdún ọ̀dá. Olùwádìí lè kọ irúgbìn tó dára sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Àmì dọ́là ni oògùn rẹ̀. Bí ẹ bá kọ ọ́ ní =B2*10/$F$1, àdírẹ́sì F1 ti di èyí tí kò lè yẹ̀, ibikíbi tí ẹ bá gbé fọ́múlà náà lọ. Kò sídìí láti máa wá àmì náà lórí kíbọọ̀dù: bí ẹ bá wà lórí F1 nínú fọ́múlà, ẹ tẹ F4, á di $F$1. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, á di F$1, tí ìlà nìkan dúró. Lẹ́ẹ̀kẹta, á di $F1, tí òpó nìkan dúró. Lẹ́ẹ̀kẹrin, á padà sí F1. Lórí ọ̀pọ̀ láputọ́ọ̀pù, ẹ ní láti tẹ Fn mọ́ ọn.

Nígbà tí fọ́múlà bá ti tọ̀nà, bí ẹ ṣe lè pín in kiri pọ̀. Ẹ lè ṣe ẹ̀dà àpótí kan ṣoṣo, kí ẹ yan ọgọ́rùn-ún àpótí, kí ẹ sì tẹ Ctrl+V lẹ́ẹ̀kan: gbogbo wọn á kún. Èyí tó tún yá ni kí ẹ yan láti àpótí tó ní fọ́múlà lọ sísàlẹ̀, kí ẹ tẹ Ctrl+D. Ctrl+R máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ sápá ọ̀tún. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ohun kan náà sínú àpótí púpọ̀, ẹ kọ́kọ́ yàn wọ́n, ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tẹ Ctrl+Enter dípò Enter lásán. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò dé ibi ìpamọ́ tí Ctrl+C ń lò rárá.

Gígé ní òfin tirẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé Ctrl+X kò ju Ctrl+C tó ń nu ibi tó ti mú nǹkan lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ lórí ṣíìtì. Bí ẹ bá gé fọ́múlà, àdírẹ́sì inú rẹ̀ kì í yí padà níbi tó bá lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni fọ́múlà mìíràn tó ń tọ́ka sí àpótí tí ẹ gé á tẹ̀lé e lọ síbi tuntun.

Ẹ fi ìwé máàkì wò ó. Máàkì akẹ́kọ̀ọ́ 28 wà láti E2 dé E29, =AVERAGE(E2:E29) tó ń ṣírò ìpíndọ́gba wọn sì wà ní E30. Ẹ fẹ́ kí ìpíndọ́gba náà wà lókè, ní H2. Bí ẹ bá ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ síbẹ̀, Excel á gbìyànjú láti gbé E2 àti E29 náà sókè ní ìlà 28. Kò sí ìlà kankan lókè ìlà kìíní, nítorí náà #REF! ni yóò kọ fún yín. Bí ẹ bá gé e pẹ̀lú Ctrl+X, á gúnlẹ̀ sí H2 pẹ̀lú E2:E29 rẹ̀ láìyingin. Òfin tó wà níbẹ̀ rọrùn: bí ẹ bá fẹ́ kí fọ́múlà máa ṣe irú iṣẹ́ kan náà níbòmíràn, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ kí iṣẹ́ kan náà gan-an yí ibi ìjókòó padà, ẹ gé e.

Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ Ctrl+X, nǹkan kan kò tíì kúrò. Ìlà gígé-gígé tó ń yí àpótí náà ká ń sọ pé Excel ń retí ibi tí ẹ ó lẹ̀ ẹ́ sí; Esc ni ẹ lè fi fagi lé e. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ lè lẹ ohun tí ẹ gé lórí ṣíìtì gẹ́gẹ́ bí ohun tí a gbé kúrò níbì kan. Ẹ kò lè gé àpótí tó wà káàkiri, tí kò fara kanra, pa pọ̀. Bí ẹ bá sì lẹ̀ ẹ́ sórí àpótí tí fọ́múlà mìíràn ń lò, fọ́múlà yẹn á di #REF!.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ kò fi ní pa ohunkóhun rẹ́. Ká ní wọ́n kọ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan sísàlẹ̀ ìwé, tó sì yẹ kó wà ní ìlà 14. Ẹ dúró lórí ìlà rẹ̀, ẹ tẹ Shift+Space láti yan odidi ìlà, lẹ́yìn náà Ctrl+X. Ẹ lọ sí ìlà 14, ẹ yan ìlà náà, kí ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti àmì ìròpọ̀ (+) pa pọ̀. Excel á ti àwọn yòókù sísàlẹ̀, á sì fi í sáàárín wọn. Orúkọ, nọ́ńbà àti máàkì á jọ lọ.

Bí ohunkóhun bá ṣe ségesège, Ctrl+Z máa ń dá a padà sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Ctrl+Y sì máa ń dá a padà síwájú. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti pa fáìlì dé kò ní Ctrl+Z mọ́. Ní ìlú tí iná lè lọ nígbàkigbà, Ctrl+S lẹ́yìn ìṣísẹ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan kì í ṣe àṣejù.

Ẹ yan ohun tí ẹ ó lẹ̀

A ti ní nǹkan mẹ́ta ni àpótí ń gbé. Ctrl+Alt+V ló ń fún yín láṣẹ láti yan èyí tí ẹ fẹ́ nínú wọn. Fèrèsé kékeré kan á ṣí. Ẹ tẹ lẹ́tà kan, kí ẹ sì tẹ Enter. V ni fún èsì nìkan, F fún fọ́múlà nìkan, T fún ìmúra nìkan, W fún fífẹ̀ òpó. E máa ń yí ìlà padà di òpó, èyí tó wúlò bí wọ́n bá kọ òjò oṣù méjìlá síbùú, tí ẹ sì fẹ́ ẹ lóòró. Àwọn Excel tuntun àti Google Sheets ní ọ̀nà tó yá jù fún èsì nìkan: Ctrl+Shift+V. Kìkì ohun tí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ni ọ̀nà yìí wà fún. Lẹ́yìn Ctrl+X, Excel kì í gbà á.

Fèrèsé yẹn tún lè bá yín ṣírò. Ká ní olùkọ́ máàkì ìdánwò lórí ọgọ́rùn-ún, tó sì yẹ kó wà lórí ọgọ́ta. Ẹ kọ 0.6 sí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, ẹ yan gbogbo máàkì náà, ẹ tẹ Ctrl+Alt+V, lẹ́yìn náà V, lẹ́yìn náà M, kí ẹ tẹ Enter. Ẹni tó gba 75 á di 45 níbi tó jókòó sí. Ẹ ti gbọ́dọ̀ tọ́jú ojúlówó máàkì náà sí ṣíìtì mìíràn kí ẹ tó ṣe é, nítorí 75 yẹn kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Ìgbà tí èsì nìkan wúlò jù ni ìgbà tí fáìlì bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ yín. Bí fọ́múlà inú ìwé máàkì bá ń fa nọ́ńbà láti inú fáìlì mìíràn tó wà lórí láputọ́ọ̀pù yín, ọ́fíìsì tó gbà á kò ní fáìlì kejì yẹn. Ìkìlọ̀ tàbí àṣìṣe ni wọ́n lè bá pàdé. Ẹ yan gbogbo rẹ̀, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ lẹ èsì nìkan padà sórí rẹ̀ nínú ẹ̀dà fáìlì tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́. Fáìlì tó ní fọ́múlà á kù sọ́wọ́ yín, nítorí bí máàkì ẹnì kan bá yí padà lọ́la, èsì tí kò ní fọ́múlà kò ní yí pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn ibi tí ẹsẹ̀ ti ń yọ̀

Òdo iwájú ni àkọ́kọ́. Láti 2010 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti sọ nọ́ńbà àkáǹtì di díjíìtì mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òdo, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà fóònù wa ṣe rí. Bí alájọ bá lẹ àkójọ nọ́ńbà tó ti WhatsApp wá sórí ṣíìtì, Excel á rò pé nọ́ńbà ìṣirò ni, á sì ju òdo iwájú nù. Excel kì í sì í tọ́jú ju díjíìtì 15 lọ nínú nọ́ńbà kan. Díjíìtì kẹrìndínlógún ara káàdì ATM á di òdo. Kí ẹ tó lẹ̀ wọ́n, ẹ yan òpó náà, ẹ tẹ Ctrl+1, kí ẹ sọ ọ́ di Text, lẹ́yìn náà kí ẹ lẹ ọ̀rọ̀ nìkan láìsí ìmúra. Ctrl+V lásán lè gbé ìmúra ibi tó ti wá dé, kó sì pa Text yín rẹ́.

Ọjọ́ ni ìkejì. Bí ẹ bá sọ ilẹ̀ ìdánwò ní 1-2, tí ẹ sì lẹ̀ ẹ́, Excel lè sọ ọ́ di ọjọ́ nínú oṣù kìíní tàbí oṣù kejì. Ìyọnu yìí pọ̀ débi pé ní 2020, ìgbìmọ̀ tó ń fún àbùdá ara ènìyàn lórúkọ yí orúkọ àwọn kan padà. MARCH1 di MARCHF1, SEPT1 sì di SEPTIN1, nítorí Excel kò yéé sọ wọ́n di oṣù kẹta àti oṣù kẹsàn-án.

Ìkẹta ni ìlà tó fara pamọ́. Bí ẹ bá fi ọwọ́ fi àwọn ìlà kan pamọ́, Ctrl+C á ṣì kó wọn mọ́ àwọn yòókù. Ẹ tẹ Alt+; lẹ́yìn tí ẹ bá yàn tán, kí ó lè jẹ́ pé èyí tí ojú rí nìkan ni ẹ mú.

Ìkẹrin ló burú jù, òun ni ìlà tí kò bá ara wọn mu. Olùkọ́ kan ní orúkọ tí wọ́n tò gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Ẹlòmíràn ní máàkì tí wọ́n tò bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe jókòó. Iye ènìyàn jọra, nítorí náà máàkì náà wọlé rẹ́gí bí wọ́n ṣe lẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tó gba máàkì ara rẹ̀. Nígbà tí ètò méjèèjì bá yàtọ̀, ẹ má lẹ̀ ẹ́. Ẹ lo VLOOKUP kó fi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wá máàkì oníkálukú. Ilé-iṣẹ́ iná mànàmáná TransAlta ní Kánádà mọ iye tí ìlà tó yẹ̀ lè náni. Ní 2003, àṣìṣe gígé àti lílẹ̀ nínú ṣíìtì Excel kan mú kí wọ́n ra ẹ̀tọ́ ìgbéná-kọjá ní New York ní iye tó ju ti ọkàn wọn lọ. Mílíọ̀nù dọ́là 24 ló bá a lọ.

Iye ìlà náà ní òpin. Fáìlì Excel àtijọ́, èyí tí orúkọ rẹ̀ parí sí .xls, kì í gbà ju ìlà 65,536 lọ. Ní ọdún 2020, nígbà àrùn Kòrónà, irú fáìlì yìí ni ilé-iṣẹ́ ètò ìlera ti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń kó èsì àyẹ̀wò jọ. Ó kún, èsì ènìyàn 15,841 sì kù síta. Bí fáìlì àtijọ́ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ tún un fi pamọ́ ní .xlsx kí ẹ tó máa lẹ nǹkan sí i.

Lórí ẹ̀rọ tí kì í ṣe tiyín

Ẹni tó ń lo Mac á fi Command rọ́pò Ctrl nínú èyí tó pọ̀ jù. LibreOffice Calc, tí a kì í san owó fún, gba Ctrl+C, X, V, Z àti D bákan náà. Windows 10, láti òpin 2018, àti Windows 11 ní ìpamọ́ tó ń rántí ohun 25 tí ẹ ṣe ẹ̀dà wọn kẹ́yìn. Bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú V ló ń ṣí i bí wọ́n bá ti tàn án. Ìrọ̀rùn ńlá ni lórí kọ̀ǹpútà ara ẹni. Ní bíṣínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, ẹni tó jókòó lẹ́yìn yín lè ṣí i, kó sì rí NIN, nọ́ńbà àkáǹtì tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà yín níbẹ̀. Kí ẹ tó dìde, ẹ tẹ Windows+V, kí ẹ yan Clear all.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí ṣíìtì, ní Zaria àti níbi gbogbo. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ kọ́kọ́ lẹ fọ́múlà sórí ìlà mẹ́ta, kí ẹ fi ọwọ́ ṣírò ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀ọ́dúnrún. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ìlà tó kẹ́yìn, ẹ tẹ F2, kí ẹ wo àwọn àpótí tó ń tọ́ka sí. Ẹ fi àròpọ̀ ibi tí ẹ ti mú nǹkan wé ti ibi tí ẹ lẹ̀ ẹ́ sí. Gbogbo èyí kò gba ìṣẹ́jú méjì, bẹ́ẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ F fún nítorí ìlà tó yẹ̀ lè fi odidi ọdún kan wá ẹ̀tọ́ rẹ̀. Kí ẹ tó tẹ V, ẹ bi ara yín pé: èsì ni mo fẹ́, fọ́múlà ni, tàbí ìmúra? Ẹni tó bá lè dáhùn ni kó máa yára.